Títú ìjánu ọmọ ogun ara ń gbógun ti jẹjẹrẹ. Kí ló dé tó fi lè jí ikọ́ ẹ̀gbẹ?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń kà nípa PD-1, ìjánu ara sẹ́ẹ̀lì T (ọ̀kan lára àwọn ọmọ ogun ara) tí jẹjẹrẹ máa ń fà kí ọmọ ogun ara má baà pa á. James Allison àti Tasuku Honjo gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2018 nítorí iṣẹ́ wọn lórí títú irú ìjánu bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n bí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ti ń sá pamọ́ fún ọmọ ogun ara, mo rò pé oògùn tó ń tú ìjánu yìí yóò kápá rẹ̀, àfi bí mo ṣe kà á pé ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti dákẹ́ tún jí lára àwọn kan tó gbà á. Kí ló fà á?

Olùwádìí:
Ẹ wo ibi tí kòkòrò náà fi ṣe ilé. Bí sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé kòkòrò mì bá gbé e mì, ó yẹ kí àpò tó wà nínú rẹ̀ dàpọ̀ mọ́ àpò oje kíkan tó ń jẹ kòkòrò run, ṣùgbọ́n kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń dí ìdàpọ̀ yìí lọ́wọ́, á sì máa gbé inú ẹni tó yẹ kó pa á. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn á wá yí i ká, wọn á di kókó tó lè sé e mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ọmọ ogun ara bá ya bo kókó yìí láìní ìjánu, àárín rẹ̀ lè jẹrà, kí ẹ̀dọ̀fóró bàjẹ́, kí kòkòrò sì rí ọ̀nà jáde. Àwọn eku tí kò ní PD-1 rárá máa ń tètè kú bí wọ́n bá kó ikọ́ ẹ̀gbẹ, kòkòrò náà a sì pọ̀ lẹ́dọ̀fóró wọn ju ti àwọn eku yòókù lọ.

Elégbòogi Òyìnbó:
Ẹ̀kọ́ mìíràn ni mo gbà pé ó yẹ ká yá lọ́wọ́ jẹjẹrẹ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú kókó ikọ́ ẹ̀gbẹ rí wọ́gọwọ̀gọ bíi ti inú jẹjẹrẹ, oògùn kì í sì í ráyè wọlé dáadáa. Nígbà tí àwọn olùwádìí fún ehoro ní bevacizumab, oògùn jẹjẹrẹ tó ń tún iṣan wọ̀nyí ṣe, ohun tí a gbà sínú ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ dé inú kókó náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn:
Mo dúpẹ́. Ṣé kí ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ dákẹ́ sí lára má gba oògùn PD-1 nìyẹn?

Olùwádìí:
Rárá o. Jíjí ikọ́ ẹ̀gbẹ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, jẹjẹrẹ kò sì ṣe é fi sílẹ̀. Kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì fura bí ikọ́, ibà tàbí rírù bá yọjú, nítorí wọ́n rọrùn láti kà sí ti jẹjẹrẹ.