Ṣé Azospirillum lè ṣiṣẹ́ lára irúgbìn àgbàdo tí wọ́n ti po oògùn mọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo ń wá.

Mo fẹ́ lo Azospirillum, bakitéríà inú ilẹ̀ tó máa ń rọ̀ mọ́ gbòǹgbò, fún àgbàdo mi. Mo mọ̀ pé kì í ta kókó sí gbòǹgbò bí àwọn bakitéríà tí wọ́n ń pè ní rhizobium ṣe ń ṣe fún ẹ̀wà àti sóyà. Náítírójìn tó ń fà látinú afẹ́fẹ́ kò lè tó àgbàdo. Ohun tí mo ń wá lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé ó ń mú kí gbòǹgbò pẹ̀ka, kó lè rí omi àti ajílẹ̀ fà dáadáa. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ sọ pé kí n pa ajílẹ̀ yúríà tì pátápátá. Àwọn tó ń ta bakitéríà náà ti sọ ìyẹn tó.

Ibi tó ti dojú rú nìyí: oògùn apa-èbu ti wà lára irúgbìn tí mo ní. Ó pupa fòò, bí mo bá fọwọ́ kàn án, àwọ̀ rẹ̀ á mọ́ mi lọ́wọ́. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè pa bakitéríà náà kí irúgbìn tó hù.

Ṣé kí n fọ̀ ọ́ kúrò ni? Ẹ̀rù ń bà mí kí irúgbìn má lọ jẹrà nínú ilẹ̀. Àbí kí n po bakitéríà mọ́ omi, kí n máa dà á sínú ihò bí mo ṣe ń gbìn ín? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é bẹ́ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe fi kún ìwọ̀n rẹ̀? Klorínì, oògùn apakòkòrò inú omi ẹ̀rọ, ńkọ́, ṣé bí omi bá sùn mọ́jú nínú garawa tí kò lómọrí, ó ti tó?