Ṣé mo lè gba owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ló ká mi lára.

Ní ọdún 6 sẹ́yìn, aṣojú iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan bá mi ṣe ètò ìfowópamọ́ fún ọjọ́ ogbó. Ohun tó jẹ́ kí n gbà ni pé ó ní owó tí mo bá ń san lóṣooṣù yóò dín owó orí mi kù. Ó tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ímeèlì, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Àfi bí àwọn agbowó-orí ṣe kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní ètò náà kò yẹ fún ẹ̀dínwó kankan, torí àdéhùn náà gbà mí láyè láti kó owó jáde kí n tó fẹ̀yìn tì. Gbólóhùn kan péré, ní ojú ìwé 14! Ní báyìí, wọ́n ní kí n san owó orí ọdún 3 tòun tèlé.

Iléeṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ ẹnu aṣojú kò kan àwọn. Ìyẹn dùn mí ju owó náà lọ, nítorí orúkọ wọn ló wà lórí káàdì tó fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa òfin, ṣé kí n kọ́kọ́ kọ ìwé ẹ̀sùn sí wọn, àbí kí n wá lọ́yà? Tí ẹjọ́ yìí bá ní gbèdéke, ṣé ọjọ́ tí mo fọwọ́ síwèé ni wọ́n á ti kà á, àbí ọjọ́ tí ìwé owó orí dé? Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ 30 ni àwọn agbowó-orí fún mi láti fèsì, 11 ti lọ níbẹ̀.