Àbúrò mi ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn ọpọlọ: níbo ni yóò máa gbé?

Àṣàkẹ́, Ìbàdàn:

Mo kí gbogbo ilé. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 36, ti lo oṣù méje ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, ìgbà kẹta rẹ̀ sì nìyí láàárín ọdún mẹ́fà. Yàtọ̀ sí àwọn ohùn tí ó máa ń gbọ́, ó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà, ó sì ti mu igbó rí. Ara rẹ̀ ti balẹ̀ báyìí, dókítà sì ti sọ fún wa pé kò sí ìdí tí ó fi yẹ kí ó ṣì máa sùn ní wọ́ọ̀dù. Ibi tí yóò máa gbé ló wá di ìṣòro. Ìyá wa ti di olóògbé. Ní agbo ilé wa, àbúrò bàbá wa sọ lójú gbogbo ẹbí pé òun kò ní lè sun oorun bí ó bá padà wá, nítorí pé ó fọ́ fèrèsé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ. Èmi, ọkọ mi àti ọmọ mẹ́ta ń gbé yàrá méjì. Mo ti rí yàrá kan ní àdúgbò wa, ṣùgbọ́n ìyá onílé fẹ́ mọ ẹni tí ó ń bọ̀ àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ṣé ó bójú mu kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dá yàrá gbé? Ṣé kí n sọ òtítọ́ fún onílé?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Abẹ́òkúta:

Àṣàkẹ́, ẹ kú ìrójú. Mo ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù ọpọlọ fún ọdún 31 kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì rí jù lọ ni pé ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí aláìsàn máa lọ ni ẹbí ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń wá ibi tí yóò sùn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kọ ìwé pé ó ti ń lọ sílé kí ẹ tó jókòó pẹ̀lú dókítà, nọ́ọ̀sì àti sóṣà wọ́kà wọ́ọ̀dù náà, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń bá aláìsàn àti ẹbí ṣètò ìgbé ayé wọn, kí àbúrò yín fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ láti lọ sun ọjọ́ méjì ní ibi tuntun náà kí ó sì padà, nítorí pé ohun tí kò bá lọ déédéé yóò hàn síta nígbà tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ tún bi wọ́n léèrè nípa oògùn. Àwọn kan lára oògùn tí a fi ń pa ohùn wọ̀nyí lẹ́nu mọ́, olanzapine jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, máa ń mú kí ènìyàn sanra, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sì gòkè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ẹni tí yóò máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò gan-an, torí mo ti rí i tí dókítà ọpọlọ rò pé iṣẹ́ dókítà ṣúgà ni, tí dókítà ṣúgà náà sì rò pé wọ́n ti ń ṣe é lọ́hùn-ún. Bí ó bá sì jẹ́ pé oògùn oníhóró ni ó máa ń gbàgbé láti lò, àwọn abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń gún ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra wọn.

Kí aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàárín àwọn ará àdúgbò kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní 1954 ní Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta níbí, ilé àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ń gbé. Wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n ń padà sílé lálẹ́, dandan sì ni kí olúkúlùkù mú ìbátan kan dání tí yóò máa se oúnjẹ fún un. Inú àwọn ènìyàn máa ń dùn láti sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ìwà ọmọlúwàbí nìkan ló ṣí ilẹ̀kùn àwọn abúlé náà. Àwọn onílé ń gba owó yàrá, ilé ìwòsàn náà sì yá wọn lówó láti fi kún ilé wọn, ó bá wọn ṣètò omi, ó sì bá wọn gbógun ti ẹ̀fọn. Àwọn ará abúlé mọ ohun tí wọn yóò jẹ nínú rẹ̀, wọ́n sì mọ ẹni tí wọn yóò ké sí bí nǹkan bá ṣe. Ohun kan náà ni ìyá onílé yín ń wá. Ẹ sọ fún un pé ara rẹ̀ kò yá tẹ́lẹ̀, pé ó ń gba ìtọ́jú, pé ẹ̀yin ni ẹ ó máa san owó ilé, kí ẹ sì fún un ní nọ́ńbà tí yóò pè bó bá tilẹ̀ jẹ́ agogo méjì òru.

Ẹni Tó Ti Dé Bẹ̀, Òṣogbo:

Mo bọ̀wọ̀ fún màmá nọ́ọ̀sì, òótọ́ sì ni ọ̀rọ̀ wọn, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn pé kí ẹlòmíràn máa lọ bá onílé sọ̀rọ̀ nípa àìsàn tèmi láìjẹ́ pé mo mọ̀ sí i. Àṣàkẹ́, ẹ bi àbúrò yín kí ẹ tó ya ẹnu. Òfin ìlera ọpọlọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pè wá ní wèrè, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yà wá sọ́tọ̀ nítorí àìsàn wa. Mo mọ̀ pé onílé tí kò bá fẹ́ni yóò kàn sọ pé wọ́n ti gba yàrá náà ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí àṣírí ẹni di ti àdúgbò.

Ní ti pé kí ó dá gbé, mo ti dá gbé fún ọdún mẹ́rin báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí, nítorí pé kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, wọ́n mú iná lọ, n kò sì gbúròó nọ́ọ̀sì tó ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ojú wa wò, ni mo bá jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní òwúrọ̀, mo wọ aṣọ, mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, mò ń retí ẹni tí yóò wá ṣí i. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó rántí pé àpò mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń bá mi ṣí ilẹ̀kùn ní wọ́ọ̀dù, tí wọ́n ń bá mi bu oúnjẹ, tí wọ́n ń ka oògùn sí mi lọ́wọ́. Ohun tó gbà mí là ni bàbá kan tó ń rán aṣọ níwájú ilé wa, tí ẹ̀gbọ́n mi ti bá sọ̀rọ̀ ṣáájú. Bàbá náà kì í bi mí ní ìbéèrè kankan. Wọn a kàn kí mi láàárọ̀, wọn a sì ní kí n bá wọn mú omi wá. Lọ́jọ́ tí n kò bá jáde títí di ọ̀sán, wọn a kan ilẹ̀kùn mi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, London:

Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, àwọn tí wọ́n fi abala 3 òfin ìlera ọpọlọ ti 1983 dá dúró sí ilé ìwòsàn ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ abala 117 sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá kúrò níbẹ̀. Ojúṣe káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, àti NHS, ètò ìlera ìjọba, ni, ilé tí òṣìṣẹ́ ń bójú tó sì lè wà lára rẹ̀ bí àìsàn náà bá béèrè fún un. Ẹ̀gbọ́n mi jàǹfààní rẹ̀. Síbẹ̀, oṣù mẹ́rin ló fi jókòó sí wọ́ọ̀dù lẹ́yìn tí wọ́n ti ní ara rẹ̀ ti yá, nítorí pé kò sí yàrá. Nígbà tí yàrá dé, òdìkejì ìlú ló wà, ọkọ̀ ojú irin kan àti bọ́ọ̀sì méjì sí ọ̀dọ̀ wa. Yàrá náà mọ́ tónítóní, ó ní ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, òṣìṣẹ́ sì ń wá lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí ó fi padà sí wọ́ọ̀dù. Yàrá tí ẹ rí ní àdúgbò yín yẹn, Àṣàkẹ́, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín nítorí pé ilé rẹ̀ ti gbó.

Àṣàkẹ́, Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo lọ sí wọ́ọ̀dù lánàá, mo sì bi í léèrè gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí. Ó ní kí n sọ ti ṣúgà fún ìyá onílé, kí n sọ pé òun ń gba ìtọ́jú, kí n sì fi ìyókù sílẹ̀ fún òun títí àwọn méjèèjì yóò fi mọra. Dókítà ti gbà kí ó wá sun ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta. Ìyàwó ẹlẹ́kọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, ẹni tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ti ní òun yóò máa fojú sí i. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àbúrò mi bi mí nípa yàrá náà: ó ní ṣé ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe é tì láti inú. N kò wò ó lọ́jọ́ tí mo lọ. Mo ń padà lọ wò ó lọ́la.