Jíjẹ́ kí ọ́ìlì ro àti fífa ọ́ìlì: ọ̀rọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè mọ ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé: arábìnrin kan láàárín wa ń kọ ìwé ìlànà kékeré fún àwọn tó ní ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì. Ó kọ ọ́ dé ibi pípààrọ̀ ọ́ìlì, ọ̀rọ̀ sì há a lẹ́nu. Ó ní ọ̀nà méjì pàtàkì ló wà, kí ọ́ìlì jáde fúnra rẹ̀ ní ihò ìsàlẹ̀, tàbí kí èèyàn fi pọ́ǹpù mú un jáde. Kí ni ká máa pè wọ́n kí ẹni tó ń kà á lè mọ èyí tó máa rọ òun lọ́rùn? Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá "ìpààrọ̀ epo nípa ìdàsílẹ̀" àti "ìpààrọ̀ epo nípa ìgbọ́njáde". Ẹlòmíràn ní kí ìkejì máa jẹ́ "ìfàlókè". Bàbá wa kan sọ pé òun ò fẹ́ "epo", òun ò sì fẹ́ "ọ́ìlì", pé "òróró" ni kó jẹ́. Ẹnì kan tún wá sọ pé ká kúkú fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣebí mẹkáníìkì kì í ka ìwé Yorùbá.

Ti ẹni ìkẹyìn yìí ni n ò gbà rárá. Yorùbá ni mẹkáníìkì fi ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun tó ń sọ ni àwa ò kọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kúrò lórí "epo", torí ibẹ̀ ni ewu wà. Bí o bá ní kí ẹni tó ní ọkọ̀ lọ wo epo ọkọ̀ rẹ̀, inú táǹkì ni yóò lọ wò. Epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó, bẹntiróòlù tàbí dísùùlù, ni epo ọkọ̀ lẹ́nu gbogbo wa. Wàyí o, ká ní ìwé náà wá sọ pé "fi pọ́ǹpù oníná fa epo rẹ̀ jáde". Pọ́ǹpù tí wọ́n ṣe fún ọ́ìlì kì í ṣe ti bẹntiróòlù. Mọ́tò inú rẹ̀ lè ta iná pàrà, èéfín bẹntiróòlù sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ inú ọkọ̀ ló máa ń rọ̀gún sí, níbi tí ẹni náà kúnlẹ̀ sí gan-an. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a ṣì lò lè jó ọkọ̀ àti ọlọ́kọ̀.

Ẹ tún wo ẹ́ńjìnnì onísítúróòkù méjì, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ọ́ìlì tí à ń pààrọ̀ nínú ikùn ẹ́ńjìnnì. Ṣe ni ọ́ìlì wọn ń bá bẹntiróòlù jó lọ. Èyí tí wọ́n kọ TC-W3, àmì ọ́ìlì irú ẹ́ńjìnnì yìí, sí lára ike rẹ̀ ni. Bí epo bá jẹ́ orúkọ méjèèjì, báwo la ṣe fẹ́ kọ ọ́? "Po epo mọ́ epo"? Ẹni tó bá kà á á rò pé orí ẹni tó kọ ọ́ ti dàrú.

Òróró ò burú, Bàbá, ọ̀rọ̀ wa ni, ó sì dùn-ún gbọ́. Àmọ́ n ò tíì gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì rí. Ìdáná àti ìfòróróyàn ló máa ń gbé wá sọ́kàn. Ọ́ìlì ti di ọmọ ilé tipẹ́. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan ń sọ pé "ọ́ìlì ẹ̀ ti lọ sílẹ̀", kò sì mọ̀ pé òun yá ọ̀rọ̀ lò. Ọ́ìlì fún èyí tó ń mú irin yọ̀, epo fún èyí tó ń jó. Ẹ jọ̀ọ́, ká fàlà síbẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀-ìṣe, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ dúró sí.

"Dà" ni ẹ̀gbọ́n mú. Mo mọ ìdí tó fi mú un. Àwọn mẹkáníìkì náà ń sọ pé "ẹ da ọ́ìlì ẹ̀ nù". Ṣùgbọ́n ẹni tó ń da nǹkan gbọ́dọ̀ gbé ohun tí nǹkan ọ̀hún wà nínú rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ta ló fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì dísùùlù tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ọkọ̀? "Jò" ńkọ́? Ìyẹn ẹjọ́ ni. Bí mo bá ní ẹ́ńjìnnì mi ń jo ọ́ìlì, àtúnṣe ni mò ń wá. Ọ̀rọ̀ tó bá iṣẹ́ náà mu ni "ro". Ẹni tó fọ aṣọ tó sì fi í kọ́ okùn, ó ń jẹ́ kí omi ara rẹ̀ ro ni. Kò fún un, kò gbọ̀n ọ́n. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn nígbà tí a bá tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì: ìwọ ṣí ihò, o gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, o dúró. Ọ́ìlì ló ń ro.

Ẹ wá wo ibi tí gírámà ti ràn wá lọ́wọ́. Nínú "ọ́ìlì ń ro", ọ́ìlì ni olùwà. Nínú "mo ń fa ọ́ìlì", èmi ni. Ìyàtọ̀ ọ̀nà méjèèjì kò ju ìyẹn náà lọ: ní ìkíní, ìwúwo ọ́ìlì ló ń ṣiṣẹ́, ní ìkejì, èèyàn tàbí pọ́ǹpù ni. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ti mọ ẹni tó máa làágùn.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni fi máa fẹ́ fà á, nígbà tó lè jẹ́ kó ro? Torí ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe mọ́tò tí wọ́n lè rá wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀ máa ń jókòó sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Lọ́pọ̀ ìgbà, àyè tó wà láàárín ikùn rẹ̀ àti ara ọkọ̀ kò gba ọwọ́, ká má tíì sọ abọ́. Bí ọwọ́ bá tilẹ̀ dé ibi nọ́ọ̀tì, ibo ni ọ́ìlì fẹ́ dà sí? Inú ọkọ̀ náà ni. Òun ni wọ́n fi ń gba òkè, ní ihò ọ̀pá ìwọ̀n. (Ọ̀pá ìwọ̀n ni mo kọ, gèèjì ni mẹkáníìkì ń pè é. Èyí tí ẹ bá mú nínú méjèèjì, n kò ní bá yín jà.)

Bí wọ́n ṣe ń fà á rèé, kí á lè rí i bóyá ọ̀rọ̀ náà bá a mu. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 5 sí 10, torí ọ́ìlì tútù ki, kì í fẹ́ gun róbà. Tí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi họ́ọ̀sì fún ẹ́ńjìnnì lómi tó ń tù ú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, róbà inú pọ́ǹpù omi rẹ̀ á jóná. Wọ́n á pa á, wọ́n á fa ọ̀pá ìwọ̀n yọ, wọ́n á ki róbà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò rẹ̀ títí á fi kan ìsàlẹ̀. Tó bá kan ìsàlẹ̀, ẹ má tì í mọ́. Bí ẹ bá ń tì í, ṣe ló máa ká, ẹnu rẹ̀ á yọ sókè ọ́ìlì, afẹ́fẹ́ lásán lẹ máa fà. Tó bá jẹ́ agolo onípọ́ǹpù ọwọ́ ni wọ́n ń lò, wọ́n á fa ọwọ́ rẹ̀ sókè sódò nígbà mélòó kan kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, lẹ́yìn náà wọ́n lè fi í sílẹ̀. Ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í gun róbà fúnra rẹ̀, dúdú kirikiri, díẹ̀díẹ̀. Tó bá kù díẹ̀ kó tán, róbà á máa dún ṣùùrù-ṣùùrù. Ẹ gbé róbà síwá sẹ́yìn díẹ̀ nígbà náà, torí ó sábà máa ń ku ìyókù sí kọ̀rọ̀. Kí ẹ wá wọn ohun tó jáde, kí ẹ fi wé iye tí ìwé ẹ́ńjìnnì sọ. Tó bá dín púpọ̀, ọ́ìlì àtijọ́ ṣì wà nínú ibẹ̀. Ẹ má sì rò pé kí ẹ kàn da tuntun lé e lórí títí iye tí ìwé sọ á fi pé, á kún jù.

Ẹ rí i pé "fà" ló ń ṣiṣẹ́ jálẹ̀. N ò lè fi "gbọ́n" sọ ọ́. Igbá tàbí agolo la fi ń gbọ́n nǹkan, omi tó wọ inú ọkọ̀ sì ni atukọ̀ ń gbọ́n láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n takò ó jù. Ọkọ̀ kan náà ní pọ́ǹpù tó ń gbọ́n omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà sódò. Tí a bá wá ń pe ti ọ́ìlì náà ní gbígbọ́n, à ń so iṣẹ́ méjì pọ̀ tí kò gbọdọ̀ pàdé. Ọ́ìlì tó kán sínú omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tí wọ́n wá gbọ́n dà sódò, ẹ̀ṣẹ̀ ni ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. MARPOL, àdéhùn àgbáyé ti 1973 lórí kí ọkọ̀ má ba òkun jẹ́, tí wọ́n tún ṣe ní 1978, fi ìpín rẹ̀ kìíní jìn fún ọ́ìlì nìkan. Kí ìwé ìlànà wa má lọ fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ohun tó dára àti ohun tí òfin kà léèwọ̀.

Ti "ìfàlókè", ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wù mí. Àmọ́ àwọn ẹ́ńjìnnì dísùùlù kan wà tí wọ́n ti de pọ́ǹpù ọwọ́ mọ́ lára láti ilé iṣẹ́, tàbí tí ọlọ́kọ̀ so họ́ọ̀sì mọ́ ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí láé. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń fa ọ́ìlì ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká yọ òkè kúrò nínú rẹ̀. "Fà" nìkan tó.

N ò tiẹ̀ rí ìdí tí gbogbo àkòrí fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ì-. "Ríro" tún lè jẹ́ ti oko, "rírò" jẹ́ ti inú. Ẹni tó bá ń kà á láìsí àmì ohùn á ṣìnà. "Jẹ́ kí ọ́ìlì ro" àti "Fa ọ́ìlì jáde": àkòrí gidi ni, bí a sì ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Arábìnrin wa kọ "ọ̀nà tó rọrùn jù lọ" sórí ojú ewé náà. Ẹ bá mi yọ "jù lọ" kúrò. Ẹ́ńjìnnì onísítúróòkù mẹ́rin (èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ kì í bá bẹntiróòlù jó) tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ sábà máa ń ní nọ́ọ̀tì ọ́ìlì rẹ̀ ní gbangba. Jíjẹ́ kó ro ló yá níbẹ̀, bí ẹ bá ti lè gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá wà lórí omi, fífà ló mọ́ jù. "Èyí tó bá ẹ́ńjìnnì rẹ mu" ni mo máa kọ. Ohun tí kò yàtọ̀ ni ìgbà tí wọ́n ń ṣe é: ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ ní wákàtí 100 tàbí ọdún kan, èyí tó bá kọ́kọ́ pé.

Fílítà, ẹ lè pè é ní asẹ́, ó dára. Kí ìwé sáà rántí pé kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó kí wọ́n tó tú u. Ọ́ìlì tó ti gbó, "kọ́ńdẹ́ẹ̀mù" ni wọ́n ń pè é, kò sì sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́. "Ọ́ìlì àlòkù" tí ẹnì kan kọ kò dáa tó, torí àlòkù ṣì ń wúlò fún ẹlòmíràn.

Ibì kan ló ṣì rú mi lójú, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ ní jíà ọ́ìlì (ọ́ìlì tó ń mú jíà rẹ̀ yọ̀) nísàlẹ̀, nítòsí abẹ tó ń yí nínú omi. Nọ́ọ̀tì méjì ló ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Tí wọ́n bá tú méjèèjì, ó ń ro jáde. Tó bá funfun bí wàrà, omi ti wọ ibẹ̀. Ìyẹn ò ṣòro. Ṣùgbọ́n ihò ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń fi tuntun sí i, títí á fi yọ ní ihò òkè, kí afẹ́fẹ́ má bàa há sínú. Wọ́n á dé ti òkè ná, kí wọ́n tó fa ẹnu ike kúrò nísàlẹ̀. "Rọ" ni à ń lò tí a bá fi àrọ da nǹkan sínú ihò tóóró, àmọ́ òkè ni àrọ máa ń wà. Èyí ń gòkè bọ̀. Ẹni tó ń tẹ ike rẹ̀ lè sọ pé òun ń "fún" un wọlé, ẹni tó ń lo pọ́ǹpù kò sì fún nǹkan kan. Ọ̀rọ̀-ìṣe wo ni ẹ̀yin máa lò níbẹ̀?