Ìlànà pípín òjò wo ló yẹ fún ìṣirò àgbàrá?

Ìbéèrè
Mo kí gbogbo yín. Mò ń ṣe ìṣirò àgbàrá fún àgbègbè kékeré kan ní àárín-gbùngbùn Amẹ́ríkà, níbi tí omi láti ìkángun tó jìnnà jù ti ń fi nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú dé ẹnu páìpù abẹ́ títì. Iye òjò wákàtí 24 kan náà ni mo lò fún ìlànà méjì tó ń sọ bí òjò ṣe pín sí àkókò tó fi rọ̀: Type II ti SCS (iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún ìtọ́jú ilẹ̀) àti ti Huff, onímọ̀ nípa òjò. Síbẹ̀ góńgó àgbàrá, ìyẹn ìwọ̀n ìṣàn omi tó ga jù, tí Type II fún mi ju ti Huff lọ fíìfíì. Èwo ni kí n gbà?

Ìdáhùn kìíní
Àpapọ̀ òjò kọ́ ló ń pinnu góńgó ní irú àgbègbè bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe bí òjò ṣe le tó láàárín 20 ìṣẹ́jú yẹn. Nínú Type II, nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 òjò náà ń rọ̀ láàárín wákàtí kan péré, ní agbedeméjì wákàtí 24. Òjò gidi kan kọ́ nìyẹn o: ńṣe ni wọ́n ki ọ̀wààrà ìṣẹ́jú díẹ̀ bọ inú òjò wákàtí kan, tí wọ́n sì ki ìyẹn náà bọ inú èyí tó gùn jù ú lọ, kí ìlànà kan ṣoṣo lè bá àgbègbè kékeré àti ńlá mu. Inú àkọsílẹ̀ òjò gidi ní Illinois ni Huff ti fa tirẹ̀ yọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1967. Bí ẹ bá nà án dé wákàtí 24, ọ̀wààrà inú rẹ̀ á fọ́n ká. Ẹ fi òjò wákàtí kan dán an wò, pẹ̀lú iye òjò tó bá wákàtí kan mu.

Ìdáhùn kejì
Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ Type II fúnra rẹ̀ ti gbó. NRCS, orúkọ tí SCS ń jẹ́ láti 1994, ti ṣe àwọn ìlànà mìíràn láti inú NOAA Atlas 14, àkójọ iye òjò tí àjọ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà ṣe. Àwọn ni èmi yóò lò.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun. Mo ti lo òjò wákàtí kan, èsì méjèèjì sì ti súnmọ́ra. N kò sọ tẹ́lẹ̀ pé adágún ìdádúró omi kan wà lókè páìpù náà.

Ìdáhùn kìíní
Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nìyẹn. Iye omi tó ti wọ inú adágún kí ọ̀wààrà tó dé ti wá ṣe pàtàkì, nítorí náà wákàtí kan kò tó mọ́. Ẹ dán onírúurú gígùn òjò wò, kí ẹ má sì fo àwọn ìlànà Huff tí òjò wọn pọ̀ jù ní ìdámẹ́rin kẹta tàbí ìkẹrin àkókò tó fi rọ̀, torí pé adágún tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ni ọ̀wààrà wọn ń bá.