Èmi àtàwọn ọmọ ti ti London dé o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìdúró. Èmi tí mo ń bèèrè bóyá èmi nìkan lè kó ọmọ ọdún 6 àti ọdún 2 lọ ṣe họlidé ní London, a ti padà dé Abẹ́òkúta láyọ̀, ó ṣe é ṣe dáadáa! Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló tù mí lára jù, torí ọmọ tí ò tíì pé ọdún 11 kì í sanwó nínú bọ́ọ̀sì àti rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ tó bá ti wà pẹ̀lú àgbàlagbà tó sanwó, èmi nìkan ni mò ń tẹ káàdì. Ibùdókọ̀ rélùwéè tí ò ní lífítì ṣì pọ̀ o, àtẹ̀gùn lẹ máa gùn, ọ̀já tí mo rà n'Ítòkú ni mo fi pọn àbúrò, ó dáa ju kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ. Ọ̀fẹ́ ni Natural History Museum, egungun àbùùbùtán ńlá tí wọ́n gbé kọ́ sókè níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ kúrò ńdìí ẹ̀, Science Museum náà ò sì jìnnà. Àǹtí tó ní kí n gba lẹ́tà àṣẹ lọ́wọ́ bàbá wọn pé mo lè kó wọn rìnrìn àjò, ẹ ṣé gan-an, wọ́n bi mí ní bọ́dà lóòótọ́. Mo ti rí ìdáhùn ìbéèrè mi, ẹ jẹ́ ká pa ọ̀rọ̀ yìí dé.