Ilé àyágbé ni sójà tó gé lẹ́sẹ̀ ń gbé: báwo ni ká ṣe ná owó ìtọrẹ yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Owó ìtọrẹ wà nílẹ̀ láti tún ilé ṣe fún sójà tí àdó olóró gé lẹ́sẹ̀ ní Borno, àti ìyàwó àtọmọ rẹ̀. Àga onítáyà ló ń lò.

Ẹnu ọ̀nà ga tó sẹ̀ǹtímítà 60 sílẹ̀. Bí a bá lo òṣùwọ̀n 1 sí 12 (bó bá ga ní 1, kó gùn ní 12), gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àga máa gbà á gùn ní mítà 7.2, àgbàlá kò sì gbà á. Ṣé ká ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ká fi pèpéle mítà 1.5 sáàárín? (Ẹ má ní ká gé e kúrú o, àga á dojú dé.)

Èyí tó le jù: ilé àyágbé ni. Onílé gbà lẹ́nu lásán. Bó bá lé wọn lọ́dún tó ń bọ̀, owó olówó ti wọlẹ̀ nìyẹn. Ọdún mélòó ló yẹ kí lọ́yà kọ sínú àdéhùn?

Kùkùté ẹsẹ̀ tún máa ń sún kì lọ́dún àkọ́kọ́, ihò ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, ibi tí kùkùté ń wọ̀, á sì tóbi jù. Èló ló yẹ ká yà sọ́tọ̀ fún pípààrọ̀ ihò náà?